Góòlù Kan, Ariwo Kan: Ìdíje Àgbáyé Nínú Ilé Wa, Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Bouaké, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2024. Nàìjíríà àti South Africa ló ń wàákò ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Nàìjíríà ti fi góòlù kan ṣáájú. Nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, Victor Osimhen gbá èkejì wọlé, ayọ̀ ṣubú layọ̀. Àṣé a ti yáwọ́ jù. Rẹfirí lọ wo àtúnwò lórí ẹ̀rọ, ó sì rí i pé kí bọ́ọ̀lù náà tó kúrò lẹ́nu ilé Nàìjíríà rárá, agbábọ́ọ̀lù wa kan ti gbé ará South Africa ṣubú níbi tí pẹ́nárítì ń gbé. Góòlù wa di òfo, pẹ́nárítì di tiwọn, Teboho Mokoena sì gbá a wọlé. Ẹ wá fi ojú inú wo àdúgbò kan ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ilé tó ní abọ́ sátẹ́láìtì ti pariwo "Góòlù!" nígbà tí ilé kejì, tó ń wò ó lórí fóònù, ṣì ń rí bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ South Africa. Kí onífóònù tó fò sókè, onísátẹ́láìtì ti káwọ́ lérí. Góòlù kan náà ni gbogbo wọn ń wò, ṣùgbọ́n ayọ̀ ẹnìkan bọ́ sí àárín ìbànújẹ́ ẹnì kejì.

Àlàfo kékeré yìí ló gbé ọ̀rọ̀ òní wá. Láyé àtijọ́, bí kábíyèsí bá ní ọ̀rọ̀ í bá gbogbo ìlú sọ, akéde ni yóò gbé agogo jáde. Ẹ̀ẹ̀kan ni yóò lù ú lóríta. Bí ẹni mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, wọ́n gbọ́. Bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn ni, wọ́n gbọ́. Ẹni tó sì dé kún wọn kò fi nǹkan kan kún làálàá akéde. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ojúlé, ìránṣẹ́ ni wọ́n ń rán, wọn a di àrokò lé e lọ́wọ́. Ojúlé mẹ́wàá, ìránṣẹ́ mẹ́wàá. Ojúlé ẹgbẹ̀rún, ìránṣẹ́ ẹgbẹ̀rún, gbogbo wọn a sì máa du ojú ọ̀nà kan náà. Tẹlifíṣọ̀n tó ń gba afẹ́fẹ́ wá, ìbáà ṣe láti orí òpó gíga, ìbáà ṣe láti ojú sánmọ̀, agogo ni. Wíwo eré lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní streaming, ìránṣẹ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ fi yé wa ni pé ìdíje tó bá jẹ́ ti gbogbo ìlú, agogo ló yẹ kó kọ́kọ́ kéde rẹ̀. Kí ìránṣẹ́ máa tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó dára. Ṣùgbọ́n bí a bá gba agogo lọ́wọ́ akéde, tí a ní kí oníkálùkù lọ háyà ìránṣẹ́ tirẹ̀, a ó pàdánù àsìkò, a ó pàdánù owó, a ó sì pàdánù ohun tó ń sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ìlú.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé góòlù kan láti pápá dé àtẹ́lẹwọ́. Kámẹ́rà yà á. Ẹ̀rọ kan fún àwòrán náà pọ̀ kó lè fúyẹ́. Ẹ̀rọ mìíràn wá gé e sí wẹ́wẹ́ bí ẹni ń gé iṣu fún dídín. Ní ọdún 2009 tí ilé-iṣẹ́ Apple gbé ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní HLS jáde, èyí tó tàn káyé lẹ́yìn náà, ègé kọ̀ọ̀kan máa ń tó ìṣẹ́jú àáyá 10. Nígbà tó yá, wọ́n dín in sí 6. Inú kọ̀ǹpútà ńláńlá tó wà káàkiri ayé ni wọ́n ń kó àwọn ègé wọ̀nyí sí, fóònù kọ̀ọ̀kan a sì máa lọ bèèrè tirẹ̀: "Ègé tó kàn dà?" Fóònù kì í fi ègé kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀. Ìránṣẹ́ tó mọ̀ pé ọ̀nà kò dára kì í jáde láìdi oúnjẹ sápò. Nítorí náà, fóònù a kọ́kọ́ kó bí ègé mẹ́ta pamọ́, kó má baà jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ségesège díẹ̀, àwòrán a sì dúró gbagidi. Ègé mẹ́ta tó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà-mẹ́fà ti di 18. Ẹ wá fi àkókò tí wọ́n fi fún un pọ̀, tí wọ́n fi gé e, tí wọ́n fi gbé e rìn kún un. Kíá ló ti di ààbọ̀ ìṣẹ́jú.

Jíjìn ọ̀nà kọ́ ló fà á o. Sátẹ́láìtì tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n wà lókè réré, ó fi nǹkan bí kìlómítà 35,786 jìnnà sí ilẹ̀, síbẹ̀ bí àwòrán bá gòkè lọ bá a tó sì sọ̀ kalẹ̀ padà, kò gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Lóòótọ́, tẹlifíṣọ̀n sátẹ́láìtì náà ń pẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, nítorí wọ́n ń fún àwòrán tirẹ̀ náà pọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń wò ó jọ ń pẹ́ pọ̀ ni. Ti íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀: fóònù bàbá lè fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ṣáájú ti ọmọ nínú yàrá kan náà, nítorí oníkálùkù ló bèèrè ègé tirẹ̀ ní àsìkò tirẹ̀. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìròyìn ló ń ṣáájú àfojúbà wọlé. Ariwo aládùúgbò ti sọ ọ́, WhatsApp ti sọ ọ́, fóònù ẹni tó ta tẹ́tẹ́ ti dún, kí bọ́ọ̀lù tó kan àwọ̀n lójú ẹni tó ń wò. Ẹni tí wọ́n ti pa àlọ́ fún tí wọ́n sì ti sọ ìdáhùn rẹ̀ fún, kí ló kù tó fẹ́ rò?

Èyí rọrùn láti fi ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣòro tó tẹ̀lé e kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Agogo kì í dún kéré nítorí pé èrò pọ̀ ní ọjà. Ìránṣẹ́ ni ọjọ́ ọjà máa ń ni lára. Ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá fẹ́ wo eré gan-an ni ọ̀nà rẹ̀ máa ń há, ọjọ́ Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé sì wà lára àwọn ọjọ́ tí èrò ń pọ̀ jù. Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní Ọsirélíà. Ní ọdún 2018, nígbà tí ìdíje wà ní Rọ́ṣíà, ilé-iṣẹ́ fóònù kan tó ń jẹ́ Optus ló ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀pọ̀ jù lọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ níbẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló sì fẹ́ ti fi wọ́n hàn. Ìdíje kò tíì lọ jìnnà tí àwòrán fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lójú àwọn tó ti sanwó. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé olórí ìjọba wọn, Malcolm Turnbull, fúnra rẹ̀ pe ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà. Kí ni àtúnṣe? Wọ́n gbé àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà fún SBS, tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń fi eriali gbà. Wọ́n kọ́kọ́ pè é ní ti ọjọ́ díẹ̀, nígbà tó yá ó di títí ìdíje fi parí. Ìránṣẹ́ ṣubú lójú ọ̀nà, agogo ló lọ gbé e dìde.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Íńdíà ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 2022. JioCinema ló ń fi Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé hàn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí Qatar àti Ecuador ń ṣí ìdíje, àwòrán ń dúró, ó ń lọ, ó tún ń dúró, títí ilé-iṣẹ́ náà fi bẹ àwọn olùwòran. Láti má ṣe àbòsí, wọ́n tún un ṣe bí ìdíje ti ń lọ. BBC náà, tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí, nígbà tó dán àwòrán tó mọ́ jù lọ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2018, ó fi ààlà sí iye ènìyàn tó lè wọlé, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń jẹ ẹ́. Ẹ sì má ṣe rò pé ìdúró ìṣẹ́jú méjì kò tó nǹkan. Nínú àṣekágbá ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2022, Argentina fi góòlù méjì ṣáájú Faransé títí di ìṣẹ́jú 80. Kylian Mbappé gbá pẹ́nárítì wọlé; kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, ó ti gbá òmíràn. Ẹni tí àwòrán rẹ̀ dúró ní ìṣẹ́jú 80, tó pa fóònù, tó tún un tàn, ó bá ọ̀mì níbi tó fi ìṣẹ́gun sílẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí owó. Bí àwòrán tó mọ́ bá ń wọlé ní mẹ́gábíìtì 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, wákàtí kan yóò jẹ dátà gígábáìtì 2.25. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, pẹ̀lú ìsinmi àárín àti àsìkò tí wọ́n ń fi kún un, a máa tó wákàtí méjì, gígábáìtì 4.5 nìyẹn. Ìdíje ọdún 2022 tó wáyé ní Qatar ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 64. Ti ọdún 2026, tí wọ́n pín fún Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò, jẹ́ ti orílẹ̀-èdè 48 àti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 104. Ẹni tó bá wo 30 péré nínú wọn ti jẹ gígábáìtì 135. Bó bá fara mọ́ àwòrán tó ṣú, ní mẹ́gábíìtì 1, yóò jẹ 27. Ṣùgbọ́n nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù a dà bí ìyẹ̀fun tó dà sórí koríko, nọ́ḿbà ẹ̀yìn aṣọ a yí pọ̀, ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nìkan lèèyàn á fi mọ ẹni tó ní bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà fọwọ́ sí i kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Olùwòran orí íntánẹ́ẹ̀tì ń san owó ìwòran, ó ń san owó dátà, ó sì tún ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ tí yóò fi gba iná sí fóònù. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó gbé àwòrán sáfẹ́fẹ́ kò náwó kún un bí ilé kan tàbí ẹgbẹ̀rún ilé bá tún tan tẹlifíṣọ̀n wọn. Ìnáwó tó jẹ́ ti akéde tẹ́lẹ̀ ni streaming kó lé ẹni tó wá gbọ́ ìkéde lórí.

Mo ní a ó pàdánù ohun tó ń sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ìlú, mo sì mọ̀ pé òun ló ṣòro jù láti fi ẹ̀rí gbè. Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Láti ìgbà náà, ẹni tí kò ní tirẹ̀ a máa lọ wo ti aládùúgbò, ọmọdé a jókòó sílẹ̀, àwọn mìíràn a dúró lójú fèrèsé. Ní ọdún 1980 tí Nàìjíríà na Algeria ní 3 sí 0 ní Sùúrùlérè nínú àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì, Múdà Lawal gbá ìkẹta. Orúkọ "Mathematical" tí Ernest Okonkwo fi ń pe Ọdẹ́gbàmí lórí rédíò di orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1994, ní Dallas, Rashidi Yekini gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Bulgaria. Ó sáré wọ inú ilé, ó na ọwọ́ méjèèjì gba inú àwọ̀n jáde, ó ń sunkún. Bí ẹ bá bi ẹni tó ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, yóò na ọwọ́ rẹ̀ hàn yín bí Yekini ti ṣe é. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn. Àwòrán kan náà ló dé bá gbogbo wọn ní ìṣẹ́jú kan náà, ariwo tó tẹ̀lé e sì gba àdúgbò kan dé èkejì láìdánu dúró. Irú ariwo yẹn kò yàtọ̀ sí "Up NEPA!" tí àdúgbò ń ké nígbà tí iná bá dé: kò sí ẹni tó ń ké e lẹ́yìn ẹnìkejì rẹ̀, nítorí iná kì í dé lójúlé-lójúlé.

Ilé ìwo-bọ́ọ̀lù tó wà ní ìgboro wa jẹ́ ẹ̀rí mìíràn. Ẹ lọ wo iwájú rẹ̀: pátákó dúdú tí wọ́n fi ẹfun kọ orúkọ ikọ̀ méjì àti aago sí, bẹ́ǹṣì onígi, jẹnẹrétọ̀ tó ń kùn lẹ́yìnkùlé, abọ́ sátẹ́láìtì kan ṣoṣo lórí páànù. Abọ́ kan yẹn ń bọ́ àádọ́ta ojú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jókòó níbẹ̀ ní fóònù tó lè fi eré hàn nínú àpò wọn, síbẹ̀ wọ́n sanwó wọlé. Wọn kò wá fún àwòrán nìkan. Ẹni tí yóò bá wọn jiyàn ni wọ́n wá, ẹni tí yóò ní "mo ti wí fún yín", ẹni tí wọn yóò dì mọ́ láìmọ orúkọ rẹ̀. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.

Wàyí o, àwọn kan yóò ta kò mí, ọ̀rọ̀ wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni àwọn tí yóò tọ́ka sí Bùràsíl. Ní ọdún 2022, Casimiro Miguel àti ìkànnì CazéTV rẹ̀ fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 22 hàn lórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Bùràsíl kan, iye ẹni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀kan náà ju mílíọ̀nù 5 lọ. Wọn á ní: ṣé ẹ rí i pé ìránṣẹ́ náà lè kó ìlú jọ? Mo gbà, mo sì kí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó mú un ṣeé ṣe. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni, Globo náà sì ń fi àwọn eré yẹn hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ ní àsìkò kan náà. Ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dákú kò nílò láti wá nǹkan mìíràn ṣe. Ó kàn tan tẹlifíṣọ̀n ni. Agogo ń dún lóríta, ìránṣẹ́ sì ń fi ẹ̀fẹ̀ kún ọ̀rọ̀ nínú ilé. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún gan-an ni Bùràsíl ṣe.

Àtakò kejì wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn á ní kò sí ibi tó dà bí ilé ẹni, pé àpéjọ ní ewu. Òtítọ́ ni. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2014, bí àwọn ènìyàn ti ń wo Bùràsíl àti Mẹ́síkò nílé ìwo-bọ́ọ̀lù kan ní Damaturu, bọ́ǹbù bú gbàmù, ó sì pa àwọn olùwòran. Obìnrin tí kò fẹ́ jókòó láàárín àwọn ọkùnrin tó ń mutí ní aago mẹ́wàá alẹ́, arúgbó tí ẹsẹ̀ ń dùn, ọmọ tí yóò lọ sílé ìwé lọ́la, ilé ló yẹ wọ́n. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni kúrò nílé. Tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ pàápàá, inú ilé ló ń dún. Ilé kì í bá agogo jà. Àárín ògiri mẹ́rin la ti ń gbọ́ ọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹni tó bá tìlẹ̀kùn nítorí ààbò má tìtorí ìyẹn di ẹni tó ń sanwó jù, tó sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Àwọn kẹta ni àwọn tí àsìkò kò bá lára mu. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní Los Angeles nínú oṣù Kẹfà, aago méjì òru ni ní Èkó. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ òru ní London, awakọ̀ tó ń jí ní aago mẹ́rin, àwọn wọ̀nyí nílò eré tó lè dúró dè wọ́n títí di àárọ̀. Níbí, ìránṣẹ́ ju agogo lọ, kò sì yẹ ká jiyàn sí i. Agogo kì í tún ara rẹ̀ lù fún ẹni tó sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo àtúnwò láàárọ̀ ti mọ̀ pé àtúnwò lòun ń wò. Ó pa fóònù rẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ èsì fún òun. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó yàn láti gbọ́ ọ̀rọ̀ lọ́la àti ẹni tó san owó òní tí wọ́n fi ti àná fún.

Àwọn kẹrin gbẹ́kẹ̀ lé ìmọ̀ ẹ̀rọ. Wọ́n ní àlàfo náà ń kúrú, pé ó máa tán láìpẹ́. Lóòótọ́ ni, láti ọdún 2019 ni Apple ti gbé irú HLS tó yára jáde, àwọn mìíràn náà sì ń ṣiṣẹ́ lórí tiwọn. Ṣùgbọ́n bí ìránṣẹ́ bá tilẹ̀ ń sáré bí ẹtu, ìránṣẹ́ ojúlé kan náà ni. Ojúlé mílíọ̀nù kan ṣì nílò mílíọ̀nù kan rẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ni ni pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó fẹ́ wo ìṣòro yìí sàn pátápátá ti ń wá ọ̀nà tí òpó fóònù yóò fi sọ àwòrán kan sáfẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún gbogbo fóònù tó wà ní sàkání rẹ̀. Kí ni ìyẹn bí kò ṣe agogo? Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà jù lọ ń padà sọ́dọ̀ akéde.

Èyí tó kù ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Àwọn kan á ní: owó rẹ̀ ti pọ̀ jù, tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ kò lè rà á, ẹni tó bá lówó ni kó jẹ ẹ́. Ìdáhùn wà ní Bìrìtéènì. Òfin ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ wọn ti ọdún 1996 to àwọn ìdíje kan sójú kan, Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé sì wà lára wọn: kò gbọ́dọ̀ sí ẹni tí yóò dá nìkan gbé e, àfi bí tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ bá ti ní àǹfààní láti rà á ní iye tó bójú mu. FIFA àti UEFA gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ ní Yúróòpù. Ní oṣù Keje ọdún 2013, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dá wọn lẹ́bi. BBC àti ITV ló ń pín in fi hàn. Ẹni tó wà ní Peckham ní London tó fẹ́ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń wò ó, ẹni tó fẹ́ fi eriali wò ó náà ń wò ó. Ní apá ọ̀dọ̀ wa, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2024. Ilé-iṣẹ́ New World TV, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Lomé ní Tógò, ni ẹ̀tọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń sanwó fún tẹlifíṣọ̀n sátẹ́láìtì ní Nàìjíríà kò sì mọ ibi tí wọn yóò ti wò ó títí ó fi ku ọjọ́ mélòó kan kí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ gbéra, kí wọ́n tó rí ọ̀rọ̀ náà yanjú. Èmi kò dá ilé-iṣẹ́ Tógò lẹ́bi. Inú mi dùn pé ará ilé wa ló di ẹ̀tọ́ mú, kì í ṣe ará òkèèrè. Ẹ̀kọ́ tí mo rí níbẹ̀ ni pé níbi tí òfin kò bá ti sọ ẹni tó ni agogo, àdéhùn ìṣòwò ọwọ́ díẹ̀ ni yóò máa pinnu bóyá ìlú yóò gbọ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo fi síwájú yín. Èkínní, kí àwọn aṣòfin wa to orúkọ àwọn ìdíje tó jẹ́ ti ìlú: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Super Eagles, ti Super Falcons tó gba ife ẹ̀yẹ obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà kẹwàá ní Mòrókò ní oṣù Keje ọdún 2025, àti àṣekágbá ìdíje ńlá gbogbo, kí wọ́n máa jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́. Èkejì, kí àwọn tó ń ṣe ti íntánẹ́ẹ̀tì fi í ṣe ohun tí agogo kò lè ṣe. Ohùn nìkan, ní kílóbíìtì 64 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, kò jẹ ju mẹ́gábáìtì 58 lọ ní wákàtí méjì. Kí ló dé tí kò fi sí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí yóò máa sọ gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ní Yorùbá fún ẹni tó wà ní Kétu, ní Ìlọrin àti ní Houston? Ẹ̀kẹta kò nílò òfin kankan. Bó bá jẹ́ streaming nìkan ló kù lọ́wọ́ wa, ẹ jẹ́ ká sọ ìránṣẹ́ kan di agogo: kí a so fóònù kan mọ́ tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, kí ilé mẹ́ta pawọ́ pọ̀ ra dátà, kí a pa ìyókù. Ìránṣẹ́ kan tí ogún ènìyàn jókòó yí ká kò yàtọ̀ sí akéde mọ́. Bó tilẹ̀ fi ìṣẹ́jú àáyá 30 pẹ́, gbogbo ilé ló jọ pẹ́.

Ní Bouaké, Nàìjíríà ló padà borí ní pẹ́nárítì, 4 sí 2. Stanley Nwabali mú méjì, Kelechi Iheanacho sì gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé. Bọ́ọ̀lù yẹn wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ní àwọn àdúgbò wa, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ariwo rẹ̀ sọ: ti onísátẹ́láìtì, ti onífóònù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ yá, àti ti onífóònù tó kẹ́yìn, tó dá ké tirẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù ti ń wá ìbùsùn lọ. Nítorí ẹni tó kẹ́yìn yẹn ni mo ṣe sọ̀rọ̀ lónìí.